Fóònù kan, ọmọ 60: bí a ṣe ń ṣètò ẹ̀kọ́ tó múná dóko níbi tí ẹ̀rọ ò ti pọ̀

Òkun o, ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi. Ẹ kú iṣẹ́ àwọn ọmọ.

Láti Ẹ̀gbẹ́ títí dé Kàbbà, ní ilẹ̀ àwa Yorùbá Òkun ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ilé-ìwé wa jọra wọn. Pátákó tí ojú rẹ̀ ti ń funfun, ṣọ́ọ̀kì tí hẹdimásítà ń kà fúnni lẹ́yọ lẹ́yọ, bẹ́ǹṣì tí ọmọ mẹ́rin há mọ́, àti fóònù kan tó jẹ́ ti olùkọ́ fúnra rẹ̀. Iná lè dé lálẹ́, ó sì lè má dé. Bí wọ́n bá wá pè wá sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́, pírójẹ́kítọ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ wa bí a ṣe ń kọ́ ọmọ. A ó jẹun, a ó gba ìwé ẹ̀rí, a ó padà wá bá pátákó wa.

Àìsí ẹ̀rọ ń dun èmi náà, ṣùgbọ́n mo ti rí kíláàsì tó ní ẹ̀rọ tí àwọn ọmọ inú rẹ̀ ò rí nǹkan mú lọ sílé. Ohun tó máa ń fa èyí ni pé olùkọ́ mú ẹ̀rọ ṣáájú, ó wá ń wá ẹ̀kọ́ tí yóò gbé kà á lórí. Ohun tí ọmọ yóò lè ṣe ni ó yẹ kó ṣáájú. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ó máa bi ara yín nípa ohun èlò kọ̀ọ̀kan pé: ṣé ó wà ní àyíká wa? Bó bá wà, ẹ jẹ́ kó dé ọwọ́ ọmọ. Bí kò bá sí, ibẹ̀ ni fóònù yín ti máa wúlò.

Kí ọ̀rọ̀ má baà di àsọtì, ẹ̀kọ́ kan ni n ó mú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ìṣirò Praimárì 5, lórí ìwọ̀n ní kìlò àti gíráàmù, ìṣẹ́jú 40, ọmọ 60. Oṣù kẹta ni ká fi í sí, nígbà tí kajú ń jábọ́ tí àpò rẹ̀ kún ẹ̀yìn ilẹ̀kùn gbogbo ilé ní Yàgbà, Ìjùmú àti Owé. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń ta kajú ní kìlò ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kan òun, kí ẹ tó la ẹnu.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ ohun tí ọmọ yóò lè ṣe, ní gbólóhùn kan

Ẹ ṣí síkíìmù. Ohun tí ẹ máa bá níbẹ̀ ò ju àkọlé lọ: "Ìwọ̀n". Púpọ̀ nínú wa máa ń sọ ọ́ di báyìí nínú nóòtù ẹ̀kọ́: "Ní òpin ẹ̀kọ́ yìí, àwọn ọmọ yóò ní òye nípa kìlógíráàmù." Òye ò ṣeé fojú rí. Ìńsípẹ́kítọ̀ lè fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín ò ní mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ wọlé tàbí kò wọlé. Ẹ lo ọ̀rọ̀ ìṣe tí ojú lè rí: wọ̀n, kà, yà, tò, fi wéra, ṣàlàyé fún ẹnìkejì. Tiwa yóò wá lọ báyìí: "Ọmọ yóò lè wọn ohun tí kò ju kìlò 2 lọ, yóò sì lè ka ojú òṣùwọ̀n aláago ní kìlò àti gíráàmù."

Ohun méjì ló wà nínú gbólóhùn yẹn, ó sì ti tó fún ìṣẹ́jú 40. Ẹni tó bá tún fẹ́ fi tọ́ọ̀nù kún un, àwọn ọmọ ló ń di ẹrù lé lórí.

Ìgbésẹ̀ 2: Ìbéèrè ìkẹyìn ni kí ẹ kọ tẹ̀lé e

Kí ẹ tó ronú bí ẹ ó ṣe bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ ìbéèrè tí ẹ ó fi tú ọmọ sílẹ̀ lọ ìsinmi. Fún ẹ̀kọ́ yìí, méjì ni mo máa lò. Àkọ́kọ́: ẹ ya ojú òṣùwọ̀n sí pátákó, kí ọwọ́ rẹ̀ kọjá 2 pẹ̀lú àlà kéékèèké 3, kí ẹ bi wọ́n pé mélòó ni. Èkejì: "Kìlò 1 àti gíráàmù 50. Kọ ọ́ ní kìlò nìkan."

Ìbéèrè kejì yìí ni kókó. Ọ̀pọ̀ ọmọ yóò kọ 1.5, àwọn mìíràn yóò kọ 1.50, wọn yóò sì fọkàn balẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni 1.05, nítorí gíráàmù 1000 ló wà nínú kìlò kan, ààbọ̀ kìlò sì jẹ́ 500, kì í ṣe 50. Ẹ ti mọ ibi tí ọmọ máa ṣubú kó tó dé ibẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ kó àkókò yín lé, kí ẹ yára gba ibi tó kù kọjá.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ yí ọgbà ilé-ìwé ká, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ rí

Ẹ pín ojú ìwé kan sí ọ̀nà mẹ́ta. Ní apá kìn-ín-ní, ẹ kọ ohun tí ọmọ ti mọ̀ láti ilé tàbí oko. Ní apá kejì, ẹ kọ ohun tí ó lè fọwọ́ kàn lónìí láìsan owó. Apá kẹta ni ohun tí ẹ̀kọ́ nílò tí kò sí ní àyíká rárá.

Fún ìwọ̀n, apá kìn-ín-ní ní kajú, iṣu, módù tí wọ́n fi ń wọn gàrí lọ́jà. Apá kejì ní píọ̀wọ́tà, yanrìn, okùn, ọ̀pá, ọ̀rá, páálí bísíkíìtì. Apá kẹta ní ẹyọ ohun kan péré: òṣùwọ̀n aláago tí ẹni tó ń ra kajú fi ń wọ̀n. Ilé-ìwé ò ní in, wọn ò sì ní yá yín lásìkò kajú.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ níbí, torí ibi tí àwa olùkọ́ ti máa ń fi fóònù ṣòfò nìyí. Mo ti rí olùkọ́ tó ń fi fídíò han ọmọ bí ewé ṣe ń tú omi jáde, igi kajú sì wà lẹ́yìn fèrèsé. Ẹ fi ọ̀rá tí kò ní àwọ̀ bo ẹ̀ka igi náà tewétewé ní àárọ̀ nígbà tí oòrùn bá ti yọ, kí ẹ so ẹnu rẹ̀ pinpin. Kí wọ́n tó lu aago ìsinmi, ìkán omi yóò ti wà nínú ọ̀rá, ọmọ yóò fọwọ́ kàn án. Kò sí fídíò tó lè ṣe èyí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìṣirò ìdá: ọsàn kan àti ọ̀bẹ kan ju àwòrán lọ. Àtòpọ̀ àwọ̀ àti ìlà tó ń padà léraléra sì wà nínú aṣọ tí wọ́n ń hun ní Ògìdì. Bí ìyá kan bá lè yá yín fún ọjọ́ kan, ẹ ti rí ohun èlò ìṣirò.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tó wà ní Kogí ló wà lójú ọmọ Kogí. Ibi tí Odò Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé ní Lọ́kọ́ja, tí omi méjèèjì ń rìn pọ̀ pẹ̀lú àwọ̀ tó yàtọ̀, ọmọ tó wà ní Pọ̀nyàn lè má tíì rí i rí. Apá kẹta ni ìyẹn wà. Àwòrán inú fóònù yẹ fún un, àti fún òkun, òkè tó ń tu iná, àti kòkòrò àìsàn tí ojú lásán ò lè rí.

Nípa pátákó fúnra rẹ̀: bí ojú rẹ̀ bá ti ṣá, èédú tí a gún kúnná, tí a pò mọ́ oje ewé pákí, ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ fi kùn ún lọ́sàn-án Fraidé kó lè gbẹ kó tó di Mọ́ńdè. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ fọ́ òkú bátìrì torí dúdú inú rẹ̀ bí wọ́n ti ń ṣe láyé ọjọ́sí. Kẹ́míkà ni, kò yẹ lọ́wọ́ ọmọdé.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ ṣe òṣùwọ̀n yín

Òṣùwọ̀n mẹ́rin ni kí ẹ ṣe, kí ọmọ má baà kàn jókòó máa wòran. Òṣùwọ̀n kan gba ọ̀pá títọ́ tí gígùn rẹ̀ tó mítà kan, okùn, àti abọ́ ike méjì tó jọra. Ẹ wọn ọ̀pá náà, ẹ sàmì sí àárín gbùngbùn rẹ̀, kí ẹ fi ọ̀bẹ ha ojú àmì náà díẹ̀ kí okùn má baà yọ̀. Ẹ ha ẹnu méjèèjì bákan náà. Okùn àárín ni ẹ ó fi gbé e kọ́ sí ẹ̀ka igi tàbí igi fèrèsé. Ẹ lu ihò mẹ́ta sí etí abọ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi okùn mẹ́ta tí gígùn wọn dọ́gba so ó mọ́ ẹnu ọ̀pá.

Kò ní dọ́gba lẹ́ẹ̀kan náà. Apá kan yóò wọlẹ̀. Ẹ mú amọ̀ tútù díẹ̀ mọ́ apá tó fúyẹ́, ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí ọ̀pá yóò fi tẹ́ gbọọrọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ rí i bí ẹ ṣe ń ṣe èyí. Bí ẹ bá ṣe é sílé, tí ẹ gbé e wá ní dídọ́gba, ẹ ti fi ìdajì ẹ̀kọ́ pamọ́ fún wọn.

Ó ku òkúta ìwọ̀n. Píọ̀wọ́tà tí wọ́n ń tà jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 50. Omi lítà kan wọn kìlò kan, nítorí náà ọ̀rá omi kan jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 500, méjì jẹ́ kìlò kan. Kì í ṣe gbogbo ọ̀rá ló ń kún tó. Ẹ kọ́kọ́ da ọ̀kan sínú ìgò ike ohun mímu tó jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 50, kí ẹ wò ó bóyá yóò dé ibi tí ohun mímu inú rẹ̀ máa ń dé kí wọ́n tó ṣí i. Bó bá dín, ẹ wá òmíràn.

Lẹ́yìn èyí ni ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ gbé píọ̀wọ́tà sí abọ́ kan, kí ẹ máa da yanrìn gbígbẹ sínú ọ̀rá tó wà ní abọ́ kejì títí ọ̀pá yóò fi tẹ́. Yanrìn yẹn ti di gíráàmù 500. Ẹ so ó, ẹ fi máàkà kọ 500g sí i lára. Ẹ ṣe òmíràn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má so ó. Ẹ gbé píọ̀wọ́tà kúrò, kí ẹ pín yanrìn tí ẹ ò so náà sí abọ́ méjèèjì títí wọn yóò fi dọ́gba. Mélòó ló wà ní apá kọ̀ọ̀kan? Ẹ má sọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ. Ní apá kan, ẹ so 250. Ẹ tún pín èyí tó kù sí méjì: 125 àti 125. Ẹ ti ní ìwọ̀n mẹ́rin láìná kọ́bọ̀ lẹ́yìn owó omi, àwọn ọmọ sì ti fi ojú ara wọn rí i pé ìdajì 500 ni 250, àti pé 125 lọ́nà mẹ́rin ló di 500. Ìdá ni wọ́n ń kọ́, wọn ò tiẹ̀ mọ̀.

Yanrìn tútù ń gbẹ, ìwọ̀n rẹ̀ sì ń dín. Ìdí tí mo fi sọ pé kó jẹ́ gbígbẹ nìyẹn. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, ẹ sá a sí oòrùn lórí páànù kan fún ọjọ́ kan.

Ẹnìkan lè béèrè pé ṣé òṣùwọ̀n igi lè péye. Kò péye bíi ti ilé oògùn. Ó tó láti mọ ìyàtọ̀ láàárín kìlò 1 àti kìlò 1 gíráàmù 125, ìyẹn sì ju ohun tí ẹ̀kọ́ yìí ń béèrè lọ. Ẹ sì gba ìkìlọ̀ kan: ọmọ yóò fẹ́ gbé òṣùwọ̀n yìí lọ bá ẹni tó ń ra kajú láti yẹ tirẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ àgbàlagbà nìyẹn. Bí òbí bá fẹ́ mọ̀, kó fi píọ̀wọ́tà mẹ́rin tí òun fúnra rẹ̀ ti yẹ̀ wò sí orí òṣùwọ̀n náà, kó wo bóyá yóò ka kìlò 2. Kò bójú mu láti rán ọmọ ọdún mẹ́wàá ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Iṣẹ́ tí ẹ ó gbé fún fóònù

Ẹ rántí pé ohun kan ṣoṣo ló wà ní apá kẹta: ojú òṣùwọ̀n aláago. Ní ọjọ́ ọjà, ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó bá ní in, kí ẹ ya àwòrán márùn-ún tàbí mẹ́fà bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń yí: ní òdo, ní kìlò kan gérégé, ní ibi tó kọjá àlà kéékèèké mélòó kan. Ẹ súnmọ́ ọn dáadáa. Ẹ wo iye àlà tó wà láàárín kìlò kan sí èkejì. Bó bá jẹ́ 10, àlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ gíráàmù 100. Ẹ má fi ojú olówó àpò tàbí nọ́ńbà fóònù ẹnikẹ́ni sínú àwòrán.

Ẹ má gbé fóònù dúró níwájú ọmọ 60. Ojú rẹ̀ ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ọmọ tó wà lẹ́yìn ń rí ọwọ́ yín ni. Ọmọ márùn-ún ló lè yí fóònù kan ká kí gbogbo wọn rí i. Nítorí náà, ìgbà tí ẹ bá ti pín kíláàsì sí ọ̀wọ́ ni fóònù ń wúlò, olùkọ́ ni yóò sì mú un lọ́wọ́ láti ọ̀wọ́ kan sí òmíràn.

Ohùn yàtọ̀ sí àwòrán. Ohùn lè dé etí gbogbo ọmọ, pàápàá bí ẹ bá fi fóònù sínú abọ́ jíjìn tàbí tí ẹ ní sípíkà kékeré. Ní Nicaragua ní ọdún 1974, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi rédíò kọ́ ọmọ ilé-ìwé ní ìṣirò. Ohun tó mú kó ṣiṣẹ́ ni pé ohùn inú rédíò máa ń béèrè ìbéèrè, á dákẹ́ kí àwọn ọmọ dáhùn, á tó máa bá a lọ. Ẹ lè ṣe irú rẹ̀ fúnra yín: ẹ ka ìbéèrè ìṣirò orí mẹ́wàá sínú fóònù, kí ẹ dákẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ń kọ́ kíláàsì méjì pọ̀, bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣe, fóònù yóò máa bi Praimárì 5 ní ìbéèrè, ẹ̀yin yóò wà lọ́dọ̀ Praimárì 4.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ju èyí lọ, Kolibri wà, áàpù ẹ̀kọ́ tó ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ó kó ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ sórí fóònù tàbí láàpútọ́ọ̀pù àtijọ́ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti dára, lẹ́yìn náà kò nílò dátà mọ́. Kiwix náà ń jẹ́ kí ẹ gbé Wikipedia kiri láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí olùkọ́ kan bá ti lọ sí Lọ́kọ́ja tàbí Kàbbà tó gbà á sílẹ̀, àwọn tó kù lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láti fóònù sí fóònù. Àmọ́ ẹ yan ohun tí ẹ nílò fún sáà kan, ẹ má kó gbogbo rẹ̀. Fóònù tó kún máa ń dákú láàárín ẹ̀kọ́.

Iná ńkọ́? Ẹ ṣáàjì fóònù lálẹ́, ẹ pa dátà, ẹ dín ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kù títí yóò fi kan ẹ̀kọ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣètò bí ẹni pé kò ní tàn. Ẹ gé páálí róbótó bí àwo, ẹ kọ 0 dé 10 yí i ká bíi ti òṣùwọ̀n gidi, ẹ fi àlà 10 sí àárín nọ́ńbà méjì, kí ẹ fi ìṣó kékeré kan ọwọ́ páálí mọ́ àárín rẹ̀ kó lè máa yí. Ẹ ṣe mẹ́rin. Bí fóònù bá kú, ẹ̀kọ́ ò kú. Kí n sọ òótọ́, páálí yìí ló ń kọ́ ọmọ jù. Fóònù kàn ń fi hàn wọ́n pé ohun gidi ni.

Ìgbésẹ̀ 6: Èdè wo?

Ọmọ Ìsánlú ń sọ Yàgbà nílé, ọmọ Kàbbà ń sọ Owé, ìwé wọn jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, olùkọ́ sì lè ti Ìlọrin wá. Ẹ jẹ́ kí èrò kọ́kọ́ wọlé ní èdè tí ọmọ fi ń ronú, kí ẹ tó fún un ní orúkọ tí yóò bá nínú ìdánwò. Lẹ́yìn tí ọ̀pá bá ti tẹ́, tí wọ́n ti sọ pé "ó dọ́gba", ni kí ẹ kọ kg àti g sí pátákó.

Kì í ṣe èrò tèmi nìkan. Láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ọdún mẹ́fà Praimárì, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín àwọn iṣẹ́ tó kù. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ lọ, títí kan inú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Nínú kíláàsì wa, ọmọ Ẹ̀bìrà tàbí Fúlàní lè wà tí Òkun ò tíì yọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ fi í sí ọ̀wọ́ tí ọmọ tó gbọ́ èdè méjèèjì wà. Ọ̀pá òṣùwọ̀n ò kúkú ní èdè.

Ìgbésẹ̀ 7: Bí ìṣẹ́jú 40 yóò ṣe lọ

Ẹ ti ṣe òṣùwọ̀n àti yanrìn pẹ̀lú wọn ní píríọ́dù iṣẹ́ ọwọ́ tàbí lọ́jọ́ tó ṣáájú. Lónìí, ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìbéèrè kan: "Kìlò kan òwú àti kìlò kan irin, èwo ló wúwo jù?" Ẹ ní kí wọ́n fi ìka dìbò: ìka kan fún òwú, méjì fún irin, ọwọ́ dídì fún pé wọ́n dọ́gba. Kí gbogbo wọn gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹni kankan má wo ẹnìkejì. Ẹ ó rí i pé irin máa ń borí. Ẹ má tíì sọ ìdáhùn.

Ẹ pín wọn sí ọ̀wọ́ 12, ọmọ márùn-ún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀wọ́ mẹ́rin wà nídìí òṣùwọ̀n igi, wọ́n ń wọn iṣu kékeré, kajú módù kan, bàtà olùkọ́. Ọ̀wọ́ mẹ́rin wà nídìí páálí aláago; ibẹ̀ ni ẹ ó wà pẹ̀lú fóònù. Mẹ́rin tó kù ń ṣe ìṣirò tó wà lórí pátákó, nínú èyí tí "kìlò 1 gíráàmù 50" àti irú rẹ̀ ti fara hàn lóríṣiríṣi. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, kí wọ́n yí. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án, kí wọ́n tún yí. Bí bẹ́ǹṣì bá wúwo tí àyè ò gba yíyí, ohun èlò ni kí ẹ máa gbé kiri, kí ọmọ jókòó síbi tó wà.

Ẹ fún olúkúlùkù nínú ọ̀wọ́ ní iṣẹ́: ẹni tó ń gbé, ẹni tó ń wo ọ̀pá, ẹni tó ń kọ, ẹni tó ń ṣọ́ àkókò, ẹni tó ń sọ fún kíláàsì. Ẹ yí iṣẹ́ náà nígbà tí wọ́n bá yí ibi. Bí ẹ ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ọkùnrin yóò máa gbé, àwọn obìnrin yóò máa kọ, títí sáà yóò fi parí.

Bí ẹ bá béèrè ìbéèrè, ẹ dúró. Mary Budd Rowe, tó ṣèwádìí nípa ìkọ́ni sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà, rí i pé olùkọ́ kì í sábà dúró ju ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ kó tó pe ẹlòmíràn tàbí kó dáhùn fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dúró fún mẹ́ta, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn tó máa ń dákẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ẹ máa ka ení, èjì, ẹ̀ta nínú kí ẹ tó la ẹnu. Ó máa ń nira fún ẹni tí ẹnu rẹ̀ ti mọ́ ìkọ́ni.

Bí òjò bá dé sórí páànù nígbà tí ẹ ń ṣe èyí, ẹ má pariwo. Ẹ ní káàdì tí ẹ ti kọ ìbéèrè sí nílẹ̀, kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan gba ọ̀kan, kí wọ́n kọ ìdáhùn. Ohun tí wọ́n lè kọ ìdáhùn sí ni táìlì funfun tó máa ń ṣẹ́kù níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Ẹ bẹ bíríkìlà fún èyí tó fọ́, ẹ fi òkúta pa etí rẹ̀ kó má gé ọmọ lọ́wọ́, kí ẹ sì fi sẹ́lótéépù yí i ká. Máàkà pátákó funfun ń nù kúrò lójú rẹ̀. Ọmọ yóò kọ, yóò gbé e sókè, ẹ ó sì fi ojú ka gbogbo ìdáhùn láìsí pé ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ìṣẹ́jú mẹ́jọ tó kù ni ti ìbéèrè òwú àti irin lẹ́ẹ̀kan sí i, pẹ̀lú ìbéèrè méjì tí ẹ ti kọ ní Ìgbésẹ̀ 2. Wọn yóò kọ ọ́ sórí ìwé jíjá, wọn yóò fi lé yín lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

Àwọn tí kò wá

Nínú oṣù kajú, ọmọ 60 lè di 45. Ẹ má bínú sí ọmọ. Oúnjẹ ilé ló lọ ṣà. Ẹ yan ọmọ kan nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan tí yóò fi òṣùwọ̀n han ẹni tó padà wá, ní àkókò ìsinmi, kó jẹ́ pé ọmọ tó padà ni yóò fọwọ́ wọ̀n ọ́n. Ẹni tó ń kọ́ni tún ń kọ́ ara rẹ̀. Kí ẹ sì má fi ẹ̀kọ́ tó ṣe pàtàkì jù nínú sáà sí ọjọ́ ọjà ìlú yín.

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́

Ẹ pín ìwé jíjá sí òkìtì mẹ́ta: àwọn tó gba méjèèjì, àwọn tó gba àkọ́kọ́ nìkan, àwọn tí kò gba ìkankan. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni iṣẹ́ yìí máa ń gbà. Bí òkìtì kejì bá pọ̀ jù, 1.05 ni ìṣòro, ẹ lè tún un kọ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ọ̀la: ìlà mẹ́rin lórí pátákó, kìlò, ọgọ́rùn-ún, mẹ́wàá, ẹyọ, kí wọ́n máa to nọ́ńbà sí abẹ́ wọn. Bí òkìtì kẹta ló pọ̀ jù, ẹ má tíì lọ sí àkọlé mìíràn, ohunkóhun tí síkíìmù ìbáà wí. Ẹ kọ ọ́ sí etí nóòtù ẹ̀kọ́ pé ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kejì, àti ìdí rẹ̀. Ìńsípẹ́kítọ̀ tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò yìn yín.

Ẹ kó ọ̀pá, yanrìn àti páálí sínú àpò kan, kí ẹ fi okùn gbé e kọ́ sára igi àjà ọ́fíìsì, torí ikán àti eku ò ní bá yín ṣeré. Ẹ kọ orúkọ ẹ̀kọ́ sí i lára. Praimárì 6 yóò béèrè fún un nígbà tí wọ́n bá dé orí ìdíyelé, ẹni tó bá gba kíláàsì yín lọ́dún tó ń bọ̀ yóò sì béèrè ibi tí ẹ kó yanrìn sí.